Ẹsẹ̀ Wọlẹ̀ ni, àbí Ẹsẹ̀ Le?

Ní ọdọọdún tí ìwé ẹgbẹ́ wa bá ń jáde, ọ̀rọ̀ àṣà, ọ̀rọ̀ ewì àti ọ̀rọ̀ òrìṣà ni ó sábà máa ń kún inú rẹ̀. N kò sọ pé ó burú. Ṣùgbọ́n ní tèmi, ìjánu ọkọ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí ní ọdún yìí, pàápàá jù lọ páàdì tí ó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí mo sọ èyí fún ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń gbé yàrá, ẹ̀rín pa á. Ó ní, 'Kí ni akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ń wá ní ìdí bíréèkì? Ṣé ẹ ti ka ìwé tiyín tán ni?' Mo ní kí ó ní sùúrù títí ìwé yóò fi jáde.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹnu ẹṣin ni ìjánu wà kí ó tó dé inú ọkọ̀. Irin tí a fi sí ẹṣin lẹ́nu, tí okùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tí ó gùn ún, òun ni àwọn baba wa ń pè ní ìjánu. Nígbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ dé, wọ́n gbé orúkọ yìí fún ohun tí ń dá ọkọ̀ dúró. Orúkọ náà dùn mọ́ mi púpọ̀, nítorí pé ẹni tí ó gun ẹṣin kì í fa ìjánu kìkì ìgbà tí ó bá fẹ́ dúró. Ó ń fi í bá ẹṣin sọ̀rọ̀ ní gbogbo ọ̀nà ni. Àwọn mẹkáníìkì kì í sábà pè é bẹ́ẹ̀ o. Bíréèkì ni tiwọn. Èmi yóò máa lo méjèèjì bí ó bá ti bá mi lẹ́nu mu.

Mẹkáníìkì bíréèkì ni bàbá mi. Ìbàdàn ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, ó sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Àwọn Nissan Micra tí wọ́n fi ń ṣe takisí káàkiri ìlú ni ó pọ̀ jù nínú ọkọ̀ tí ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ Ìbàdàn mọ̀ pé ìlú olókè ni. Kí Micra tí ó kó èrò bámúbámú máa ti orí òkè Màpó sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ ní Beere, kí dírẹ́bà sì gbé ẹsẹ̀ lé bíréèkì láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìfi gíà ran ara rẹ̀ lọ́wọ́, ooru tí yóò wà lára páàdì rẹ̀ nígbà tí yóò bá fi dé ìsàlẹ̀ kì í ṣe kékeré. Bàbá mi a máa mọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó tó dúró. Imú ni ó fi ń mọ̀ ọ́n. Láti kékeré ni mo ti ń bá a di tọ́ọ̀ṣì mú lábẹ́ ọkọ̀, nítorí náà òórùn páàdì tí ó ti jóná kò ṣàjèjì sí èmi náà.

Níwájú Micra, díìsìkì àti páàdì ni. Lẹ́yìn rẹ̀, dúrọ́ọ̀mù àti ṣúù ni. Ṣúù yìí a máa pa mí lẹ́rìn-ín, nítorí pé bàtà ni. Ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Herbert Frood ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe láínìn bíréèkì ní Derbyshire ní 1897, a sì gbọ́ pé àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ń fi ògbólógbòó bàtà há ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ẹrù wọn ní ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ó rí tí ọgbọ́n náà fi sọ sí i nínú. Bàtà ni ó kọ́kọ́ jẹ́ páàdì, ká sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Díìsìkì ní tirẹ̀, pápá ìsáré ni ó ti gba orúkọ. Ní 1953, Jaguar tí ó lo díìsìkì ni ó gba ipò kìíní nínú ìje wákàtí mẹ́rìnlélógún ti Le Mans ní ilẹ̀ Faransé. Dúrọ́ọ̀mù a máa pa ooru mọ́ra bí ìkòkò tí a dé. Díìsìkì wà ní gbangba, atẹ́gùn ń fẹ́ sí i.

Ohun tí ó gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí rèé. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin ń gbé ní Chatham, ní agbègbè Kent, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ìgbà ọlidé gígùn, wọ́n ránṣẹ́ pè mí, mo sì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ní ọmọkùnrin kan tí ó fi bí ọdún mẹ́sàn-án jù mí lọ, Bọ̀ọ̀dá ni mo ń pè é. Ọ̀hún ni wọ́n bí i sí. Ó gbọ́ Yorùbá dé àyè kan, ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ sọ ọ́, ṣe ni yóò máa wá ọ̀rọ̀ bí ẹni tí ń wá abẹ́rẹ́ nínú koríko. Bọ̀ọ̀dá ní Mazda MX-5 kan, ọkọ̀ kékeré oníjòkòó méjì, èyí tí ó fi ń lọ síbi iṣẹ́ ní àárọ̀, tí ó sì tún fi ń lọ sáré ní pápá.

Kì í ṣe pé ó ń fi eré ọkọ̀ jẹun o. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n a máa ṣí pápá ìsáré sílẹ̀ ní ọjọ́ tí kò bá sí ìje, fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ọkọ̀, ìwé ẹ̀rí ìwakọ̀ àti owó. Wọ́n á wò ó bóyá ariwo ọkọ̀ rẹ kò pọ̀ jù, wọ́n á ka òfin fún ọ, ìwọ á dé akoto, ó di inú pápá. Wọn kì í ka àkókò fún ẹnikẹ́ni, ẹnìkan kì í sì í ṣàdédé kọjá ẹnìkejì àfi bí ẹni iwájú bá fún un láyè. Wọ́n á sá a fún bí ogún ìṣẹ́jú, wọ́n á jáde, ọkọ̀ àti ènìyàn á sinmi, wọ́n á tún wọlé. Brands Hatch, ní Kent kan náà, ni Bọ̀ọ̀dá máa ń lọ. Ìyípo kúkúrú tí ó wà níbẹ̀ kò gùn ju nǹkan bíi kìlómítà kan àti mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá lọ, ṣùgbọ́n òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni. Kọ́nà àkọ́kọ́, tí wọ́n ń pè ní Paddock Hill, ṣe ni ó ń ya sí ọ̀tún tí ilẹ̀ sì ń sá lọ lábẹ́ ẹni. Bí ọkọ̀ bá ti dé ìsàlẹ̀ àfonífojì yẹn, yóò tún máa gun òkè lọ sí Druids, kọ́nà tí ó ká bí ìwọ̀ ẹja. Ibẹ̀ ni èèyàn ti ń bẹ ìjánu lọ́wẹ̀.

Ní ọdún tí ó ṣáájú ìgbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn, Bọ̀ọ̀dá ń gun òkè lọ sí Druids ní ìyípo karùn-ún tàbí ìkẹfà, ó tẹ bíréèkì, bíréèkì kò sì mú. Inú yangí tí wọ́n kó sí ẹ̀bá kọ́nà ni ọkọ̀ gbé e lọ kí ó tó dúró. Kò sí ẹni tí ó fara pa. Ó dákẹ́ ọ̀rọ̀ náà mọ́ ìyá rẹ̀ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ojú ìyá kì í fọ́ sí ọmọ. Ní ọjọ́ kan tí wọ́n yá ọkọ̀ náà lọ sọ́jà, òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n bá lábẹ́ ìjókòó. Láti ọjọ́ náà ni oorun kò ti kun ojú wọn mọ́ ní alẹ́ tí ilẹ̀ bá fẹ́ mọ́ tí Bọ̀ọ̀dá yóò lọ sí pápá.

Kò tíì pé ọjọ́ mẹ́ta tí mo débẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi fi pè mí sí ilé ìdáná. Wọ́n ní, 'Àkànní, ìwọ ni ọmọ mẹkáníìkì. Bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ kí ó jáwọ́. Bí kò bá gbọ́ tìrẹ, pe bàbá rẹ sórí fóònù, kí wọ́n bá mi bá a wí.' Mo pe bàbá mi ní alẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n tẹ́tí títí ẹ̀gbọ́n ìyá mi fi sọ tiwọn tán. Ohun tí wọ́n wí kò tẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyá mi lọ́rùn rárá. Wọ́n ní, 'Ẹ̀gbọ́n, ẹni tí ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kì í ṣe ẹni tí a ń so mọ́lẹ̀. Bí a bá ní kí ó má lọ, yóò lọ láìsọ fún wa. Ẹ fún un ní fóònù.' Nígbà tí Bọ̀ọ̀dá kí wọn tán, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi í: 'Ọmọ mi, nígbà tí o tẹ̀ ẹ́ tí kò mú, ẹsẹ̀ wọlẹ̀ ni, àbí ẹsẹ̀ le?'

Bọ̀ọ̀dá wo ojú mi. Èmi ni ògbufọ̀.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ fi etí sí ìbéèrè yìí dáadáa, nítorí inú rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi wà. Ọ̀nà méjì ni ooru ń gbà ba ìjánu jẹ́, àwọn méjèèjì kò sì jọra lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá wọlẹ̀, tí ó rọ̀ bí ẹni tẹ tìmùtìmù, tí ó sì fẹ́ kan ilẹ̀ ọkọ̀, ọ́ìlì bíréèkì ni ó ti hó. Ọ́ìlì yìí ni ó ń gbé agbára ẹsẹ̀ wa lọ bá páàdì. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá jẹ́ ọ́ìlì, kò ṣe é fún pọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá hó, apá kan nínú rẹ̀ á di afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ sì ṣe é fún. Agbára ẹsẹ̀ á wá parí sórí afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ bá le bí òkúta, tí a tẹ̀ ẹ́ tẹ̀ ẹ́ tí ọkọ̀ sì ń lọ, ọ́ìlì kò ṣe nǹkan kan. Páàdì ni ó ti gbóná kọjá ohun tí wọ́n fi ṣe é. Páàdì jẹ́ ìyẹ̀fun oríṣiríṣi, irin wà níbẹ̀, èédú wà níbẹ̀, ohun kan sì so gbogbo wọn pọ̀ bí àtè. Bí ooru bá pọ̀ jù, àtè yìí a bẹ̀rẹ̀ sí í jó, páàdì a sì máa yọ̀ lórí díìsìkì dípò kí ó gbá a mú.

Bọ̀ọ̀dá ní ẹsẹ̀ wọlẹ̀. Bàbá mi ní, 'Ọ́ìlì ni. Páàdì olówó ńlá tí wọ́n ní o fẹ́ rà yẹn kò bá ọ wí. Ìgbà wo ni o ti pààrọ̀ ọ́ìlì?' Bọ̀ọ̀dá ronú títí. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta.

Ọ́ìlì bíréèkì a máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́, bí iyọ̀ tí a kò dé. Èyí tí wọ́n ń pè ní DOT 4, bí ó bá jẹ́ tuntun, kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé 230°C ó kéré tán. Bí omi bá ti wọ inú rẹ̀ dé ìwọ̀n tí òfin fi ń dán an wò, 155°C ni ó kù. Ẹ wo bí ó ti já wálẹ̀ tó! Ẹni tí ó ń wa ọkọ̀ lọ sọ́jà lè má mọ̀ láéláé. Ẹni tí ó bá gbé e lọ sí pápá yóò mọ̀.

Ẹ má ṣe rò pé àsọdùn ni mo ń sọ nípa ooru yìí. Ìṣirò rẹ̀ kò ṣòro. Bí ìsáré bá di ìlọ́po méjì, ohun tí ìjánu yóò gbé a di ìlọ́po mẹ́rin. Ká ní ọkọ̀ àti ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ wọn 1,100 kìlógíráàmù, tí ó ń sá 160 kìlómítà ní wákàtí kan, tí a sì tẹ bíréèkì títí ó fi di 60: ooru tí yóò jáde nínú ìtẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yẹn tó láti mú omi lítà mẹ́ta hó lórí iná. Ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ni gbogbo rẹ̀. Ní Brands Hatch, ìyípo kan kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú kan lọ, èèyàn a sì tẹ bíréèkì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú rẹ̀. Ẹ wá fi ogún ìṣẹ́jú ṣe é.

Síbẹ̀, bàbá mi kò dá páàdì àtijọ́ náà láre pátápátá. Wọ́n ní kí a tú u kí a sì fi hàn wọ́n nínú fóònù. Páàdì tuntun a máa nípọn tó mìlímítà mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn wọ̀nyí kò ju mẹ́rin lọ. Ojú wọn ń dán bí àwo tánganran, etí wọn sì ti ń rún. Lábẹ́ òfin àyẹ̀wò ọkọ̀ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìgbà tí páàdì bá fúyẹ́ ju mìlímítà kan àbọ̀ lọ ni wọ́n tó ń kọ̀ ọ́, nítorí náà òfin kò rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan lára wọn. Ṣùgbọ́n páàdì tí ó bá ti fẹ́lẹ́ kì í dí ooru lọ́nà mọ́. Tààrà ni ooru ń gba inú rẹ̀ lọ bá ọ́ìlì. Èyí ni àwọn méjèèjì fi jọ ṣe iṣẹ́ ibi náà. Bàbá mi sọ ìlànà kan tí ó wọ̀ mí létí: ẹni tí ó ń lọ sí pápá kò gbọdọ̀ fi páàdì tí ó ti jẹ kọjá ìdajì kúrò nílé.

Ó wá kan yíyan tuntun. Bọ̀ọ̀dá ti ní èyí tí ó wù ú lọ́kàn, páàdì àwọn tí ń ṣe ìje gidi, èyí tí ooru 600°C kò tó láti dẹ́rù bà. Èmi náà rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yóò parí sí. Bàbá mi ní, 'Ọkọ̀ kan náà ni ó fi ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀?' A ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní, 'Ní ìgbà òtútù ńkọ́?' A tún ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní, 'Kí ó fi í sílẹ̀. Páàdì yẹn kò ní tíì jí nígbà tí ọmọdé bá já sójú títì.'

Òótọ́ ni. Ọ̀pọ̀ nínú páàdì ìje gidi ni kì í mú dáadáa àfi bí ó bá ti gbóná dé ìwọ̀n 150 tàbí 200°C. Ní pápá, ìyípo kan tàbí méjì ti tó láti gbé e débẹ̀. Ní òpópónà Chatham ní aago méje òwúrọ̀, bí yìnyín bá wà nílẹ̀, kò ní débẹ̀ rárá títí èèyàn yóò fi dé ibi iṣẹ́. A sì máa han ketekete, a máa jẹ díìsìkì. Páàdì lásán tí wọ́n ń tà fún ọkọ̀ ọjà ní tirẹ̀ a máa mú láti òtútù, ṣùgbọ́n nígbà tí ooru bá ń lọ sí bí 350 tàbí 400°C, púpọ̀ nínú wọn ti ń wá ọ̀nà àtilọ. Ohun tí a wá ni èyí tí ó wà láàárín: tí yóò mú ní òwúrọ̀ tútù, tí yóò sì tún fara da ogún ìṣẹ́jú ní pápá bí ẹni tí ń wà á kò bá ya wèrè. Ó lówó lórí ju ti ọjà lọ, kò sì tó iye ti ìje. Inú Bọ̀ọ̀dá kò kọ́kọ́ dùn sí i. Mo rò pé orúkọ 'ìje' tí ó wà lára páàdì kejì ni ó wù ú.

Bàbá mi kọ́ mi láti kékeré pé kí n máa ka ẹ̀gbẹ́ páàdì kí n tó ka páálí rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ páàdì, ẹ ó rí lẹ́tà méjì tí wọ́n tẹ̀ lé ara wọn, bíi FF tàbí GG. Èkíní ń sọ bí ó ṣe ń mú nígbà tí ooru kò pọ̀, èkejì ń sọ bí ó ṣe ń mú nígbà tí ó bá gbóná. F ju E lọ, G ju F lọ. Bí ẹ bá rí G tí E tẹ̀ lé, ẹ mọ̀ pé bí ó bá gbóná, yóò já yín sílẹ̀. Lẹ́tà wọ̀nyí kò sọ gbogbo nǹkan, nítorí ooru tí wọ́n fi ń dán an wò kò tó ti pápá, ṣùgbọ́n ó sàn ju àwòrán iná tí ń jó lórí páálí lọ. Lára èyí tí wọ́n fún láṣẹ fún òpópónà ní ilẹ̀ Yúróòpù, àmì E tí wọ́n fi òbírí ká àti 90R a máa wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní Agodi Gate, níbi tí a ti ń ra ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Ìbàdàn, bàbá mi a máa fi èékánná họ etí páàdì kí wọ́n tó sanwó. Bí ó bá rún, ayédèrú ni. Bí ojú ìdè rẹ̀ mọ́ irin ẹ̀yìn bá là, kódà bí irun ni kí ìlà náà tẹ́ẹ́rẹ́ tó, wọ́n á dá a padà fún olówó rẹ̀. Mo họ ti Bọ̀ọ̀dá náà nígbà tí ó dé. Ó rẹ́rìn-ín mi. Kò rún.

A pààrọ̀ gbogbo ọ́ìlì, a de páàdì tuntun. Bọ̀ọ̀dá rò pé ó parí. Páàdì tuntun àti díìsìkì kò tíì mọ ara wọn, bàbá mi ní kí a lọ fi wọ́n mọra. Mo ti ń ronú ọ̀rọ̀ ńlá tí n ó fi túmọ̀ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà nínú ìwé páàdì náà; mo ti fẹ́ pè é ní 'ìfìdímúlẹ̀ páàdì'. Ọ̀rọ̀ bàbá mi dára ju tèmi lọ. Ní kùtùkùtù ọjọ́ Àìkú, lójú ọ̀nà tí kò sí ọkọ̀, Bọ̀ọ̀dá sáré dé 80 kìlómítà, ó tẹ bíréèkì wọ́ọ́rọ́wọ́ títí ó fi di 20, kò dúró, ó tún sáré. Ó ṣe é bí ìgbà mẹ́wàá, ó ń le díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wà á lọ jẹ́jẹ́ láìtẹ bíréèkì títí ó fi tutù. Páàdì a máa fi ara rẹ̀ kun díìsìkì bí a ti ń ṣe èyí, ìkùnra yẹn ni ó sì ń jẹ́ kí wọ́n gbá ara wọn mú. Ẹni tí ó bá dúró pa nígbà tí ó gbóná, ojú kan ṣoṣo ni yóò kùn, ọkọ̀ rẹ̀ yóò sì máa gbọ̀n. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ọjọ́ pápá pé. Mo bá a lọ, ó sì gbà mí láyè láti jókòó tì í ní ìwọlé kẹta. N kò ní purọ́ fún yín: nígbà tí a dé Paddock Hill tí ilẹ̀ sá kúrò lábẹ́ wa, gbogbo oríkì ìdílé wa ni mo kà tán nínú akoto. Ó tó ìyípo kẹjọ. A ń gun òkè lọ sí Druids, Bọ̀ọ̀dá tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ sì rìn síwájú díẹ̀ ju bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ kí ó tó yà. Kò wo ojú mi. Ó pariwo nínú akoto rẹ̀, ní Yorùbá, 'Ẹsẹ̀ le! Kò wọlẹ̀!' Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, ó fi ìyípo kan odindi rìn bí ẹni tí ń lọ sí ìgbéyàwó, kò tẹ bíréèkì bí kò bá pọn dandan, a sì jáde. Nígbà tí a ṣí akoto, òórùn ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ni mo gbọ́.

Ó mọ ohun tí ó ń ṣe é. Bí ẹsẹ̀ bá wọlẹ̀ ni, ọjọ́ náà ì bá parí síbẹ̀. Bí ó ti jẹ́ pé ó le ni, sùúrù àti atẹ́gùn ni oògùn rẹ̀. Kò fa hándíbíréèkì, nítorí páàdì gbígbóná tí a bá fún mọ́ díìsìkì lójú kan ń bà á jẹ́. Ó fi ọkọ̀ sí gíà, ó fi igi há táyà. Ó gba àárín wíìlì yẹ páàdì wò, ó wo díìsìkì bóyá ó ti là tàbí ó ti dà bí aró, ó tẹ ẹsẹ̀ ìjánu wò lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí kan ó tún wọlé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ ní kùkúrú, kì í fi ẹsẹ̀ lé e pẹ́ mọ́. Kò tún le mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Mo wo inú ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá nígbà tí mo padà dé yunifásítì. Kò sí bíréèkì níbẹ̀, n kò sì retí rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin kan ní láti fi dá àìsàn ọkọ̀ mọ̀ láti Ìbàdàn, tí ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá tán sì fi pariwo nígbà tí ẹ̀mí méjì wà lọ́wọ́ rẹ̀, mo rò pé ó yẹ kí a ti máa kọ irú rẹ̀ sílẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì pọ̀ ní ẹnu ọ̀nà yunifásítì wa.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, Bọ̀ọ̀dá pe bàbá mi láti ròyìn. Ó ní òun ti wo páàdì, mìlímítà mẹ́jọ ni ó kù. Bàbá mi ní, 'Ti ìta nìyẹn. Ti inú ńkọ́?' Ti inú kò ṣe é rí láti àárín wíìlì. Ó di dandan kí ó gbé jáàkì, kí ó tú táyà. Ti ọ̀tún kò ní wàhálà. Ti òsì, páàdì inú ti jẹ ju ti ìta lọ pẹ̀lú mìlímítà méjì, nítorí pé irin tí kálípà ń rìn lórí rẹ̀ ti gbẹ, kò jẹ́ kí ó padà sẹ́yìn dáadáa. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún, ó ń wá gíríìsì tí kò ní yọ́ nínú ooru. Ilẹ̀ ti ṣú púpọ̀. Ìyá rẹ̀ jáde pẹ̀lú ṣálì lọ́rùn, wọn kò sọ nǹkan kan fún un nípa jíjáwọ́. Wọ́n gba tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ mi, wọ́n lóṣòó ti ẹsẹ̀ ọkọ̀, wọ́n ní, 'Ibo ni kí n tàn án sí?'